Widal: Dókítà tí orúkọ rẹ̀ kò kúrò nílé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Bí ibà bá ti gbé èèyàn dè fún ọjọ́ mélòó kan nílẹ̀ Yorùbá, kì í pẹ́ tí wọ́n yóò fi ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò Widal. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó ń dárúkọ ọ̀hún ni kò mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni.

Fernand Widal ni ọkùnrin náà. Ọdún 1862 ni wọ́n bí i sílùú Dellys, lórílẹ̀-èdè Àlùjíríà, nígbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso ibẹ̀. Ìlú Paris ló ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ibẹ̀ ló sì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Láyé ìgbà yẹn, táífọ́ọ̀dù ń pa tọmọdé tàgbà. Inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ aláìsàn ti kó bá ni kòkòrò àrùn yìí ti ń wọ ìfun, kó tó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibà rẹ̀ jọ ti àwọn àìsàn mìíràn. Lọ́dún 1888, Widal àti André Chantemesse fi kòkòrò táífọ́ọ̀dù tí wọ́n ti fi ooru pa gún ẹranko lábẹ́rẹ́, àrùn náà kò sì rí àwọn ẹranko ọ̀hún gbé ṣe mọ́.

Ọdún 1896 ni òkìkí Widal kàn. Max Gruber àti Herbert Durham ti rí i nílùú Vienna pé ẹ̀jẹ̀ ẹranko tó ti mọ àrùn kan máa ń mú kí kòkòrò àrùn náà lẹ̀ mọ́ra wọn. Widal yí ọ̀rọ̀ náà po. Ó mú omi ara ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ó pò ó mọ́ kòkòrò táífọ́ọ̀dù, ó sì rí i pé wọ́n ṣù pọ̀ nígbà tí àìsàn ṣì wà lára onítọ̀hún. Àwọn èròjà tí ara ń pèsè láti fi gbógun ti àrùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ṣe di ẹlẹ́rìí.

Kò fi mọ síbẹ̀. Ó wà lára àwọn tó fi hàn pé iyọ̀ ń dá kún ara wíwú fáwọn tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ó ṣiṣẹ́ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára táífọ́ọ̀dù fáwọn ọmọ ogun Faransé. Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1929, ló jáde láyé ní Paris.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí Widal fi sílẹ̀ lè ṣini lọ́nà. Ẹ̀jẹ̀ kì í tètè gbàgbé: àrùn tó ti lọ tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára lè mú kí kòkòrò ṣù pọ̀, ibà tí ẹ̀fọn ń fà náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí táwọn onímọ̀ fi ń kìlọ̀ pé àyẹ̀wò Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti fi sọ pé táífọ́ọ̀dù ló ń ṣe èèyàn. Èyí tó dájú jù ni kí wọ́n tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sílé àyẹ̀wò títí kòkòrò fúnra rẹ̀ yóò fi hù jáde. Ẹni tó bá ń lo oògùn táífọ́ọ̀dù láìní in lára lè jẹ́ kí àìsàn tó ń ṣe é gan-an ráyè wọra, ó sì ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí oògùn.