Dúró Ládípọ̀, Ẹni tí Ó Sọ Ilé Ọtí Di Ilé Ọnà

Ọmọ katikíìsì ni Dúró Ládípọ̀. Nínú ilé Ọlọ́run ni ó ti mọ orin, ṣùgbọ́n ìlù àwọn baba rẹ̀ kò kúrò ní etí rẹ̀. Ní 1961, ó gbé orin Àjíǹde kalẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òṣogbo, ìlú tí ojú irin so mọ́ Ọ̀fà wa, ó sì fi ìlù Yorùbá sí i. Inú ọ̀pọ̀ ará ìjọ kò dùn. Ìlù tí à ń jó sí nígbà ìkórè lónìí ni wọ́n ń sá fún nígbà náà.

Ládípọ̀ ní ilé ọtí kan, Popular Bar. Ní 1962 ó yọ̀ǹda rẹ̀. Òun àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì, sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré àti àwòrán. Rufus Ògúndélé àti Jacob Afọlábí, àwọn òṣèré rẹ̀, di ayàwòrán níbẹ̀. Jímọ̀ Bùràímọ̀ ni ó ń tọ́jú iná orí ìtàgé. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ tí Georgina Beier ṣe fún wọn ní 1964, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pátákó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí ojú ènìyàn yóò fi yọ. Bí a bá fẹ́ fi ọnà ara ògiri rántí Ládípọ̀, irú èyí ni ó yẹ ẹ́: ẹyọ kéékèèké, láti ọwọ́ púpọ̀.

Eré rẹ̀, Ọba Kò So, dé Berlin ní 1964 àti London ní 1965. Ó kú ní oṣù Kẹta 1978. Bùràímọ̀ sì ń to ìlẹ̀kẹ̀ nìṣó lẹ́yìn náà.