Olóyè S. O. Alonge, Onífọ́tò Ààfin Bìní

Ẹ jẹ́ kí a rántí Olóyè Solomon Osagie Alonge, tí wọ́n bí ní 1911. Fọ́tò Ọba Ovonramwen tí ayé mọ̀ jù ni ti 1897, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú un, pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Alonge ya Ọba Akenzua Kejì tòun ti iyùn lọ́rùn. Ní 1942 ó ṣí Ideal Photo Studio ní Bìní. Ìyàwó tuntun, akọ̀wé, ọlọ́mọ, kálukú wá nínú aṣọ tó wù ú. Orí dígí ló kọ́kọ́ ń yà wọ́n sí, a sì máa fọwọ́ kun àwọ̀ sí òmíràn. Iṣẹ́ oníkánjú kọ́! Ó lé ní àádọ́ta ọdún nídìí rẹ̀, kò sú u. Ó kú ní 1994. Ní 2014 wọ́n pàtẹ fọ́tò rẹ̀ ní Washington, Amẹ́ríkà.