Blaise Pascal àti agbára omi

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1623 ni a bí Blaise Pascal ní ìlú Clermont, ní ilẹ̀ Faransé. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Bàbá rẹ̀ ni ó tọ́ ọ, òun náà ni ó sì kọ́ ọ ní ìwé nínú ilé. Iṣẹ́ owó orí ni bàbá náà wá ń ṣe fún ọba. Kí Pascal tó pé ogún ọdún, ó ti ń ṣe ẹ̀rọ kan tí ó lè ro owó pọ̀, kí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lè fúyẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí ọ̀rọ̀ omi. Ẹ lu ihò méjì sí ara garawa, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni yóò tú jáde jù, nítorí pé omi òkè ń tẹ omi ìsàlẹ̀. Pascal fi hàn pé jíjìn omi ni ó ṣe pàtàkì. Ìkòkò ìbáà fẹ̀, ìbáà tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Omi kànga kan jìn ní mítà 10. Ẹ fi ojú inú wo ibi kékeré kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀: gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 1, ìbú rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 1. Omi tí ó dúró lórí ibẹ̀ jẹ́ lítà 1. Lítà omi 1 wọn kílò 1. Kílò 1 náà ni ó ń tẹ ibẹ̀. Bí omi bá jìn ní mítà 20, ó di kílò 2.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Pascal gbà pé òun náà ń tẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n olókùnrùn ni, Paris ni ó sì wà, níbi tí kò sí òkè gíga. Ó kọ ìwé sí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Florin Périer, ní Clermont. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1648, Périer gbé ọ̀pá dígí àti mẹ́kúrì, irin tí ó ń ṣàn bí omi, gun òkè Puy de Dôme. Ó fi ọ̀pá kejì sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kí ẹnìkan máa ṣọ́ ọ. Ti ìsàlẹ̀ kò yí padà ní gbogbo ọjọ́ náà. Lórí òkè, mẹ́kúrì lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8. Afẹ́fẹ́ tí ó kù lókè wọn ti dín kù, agbára rẹ̀ náà sì dín.

Pascal kú ní Paris ní ọdún 1662, ní ọmọ ọdún 39. Ìwé tí ó kọ nípa omi kò tíì jáde nígbà náà. Ọdún 1663 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Jáàkì olóròóró tí àwọn mẹkáníìkì fi ń gbé ọkọ̀ sókè, ìmọ̀ inú ìwé náà ni ó ń lò. Ní ọdún 1971, a fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn irú agbára bẹ́ẹ̀.