Tẹslim Balógun tí wọ́n ń pè ní Àrá: ó gbá bọ́ọ̀lù, ó sì tún fi kọ́ni

Tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, orúkọ tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa kì í ju ti àwọn tó ṣì ń sáré lónìí lọ. Àwọn tó la ọ̀nà fún wọn, a kì í sábà dárúkọ wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ ọmọ Yorùbá kan tó ti kú láti ọdún 1972, Tẹslim Àyìndé Balógun. Thunder ni ìnagijẹ rẹ̀, ìyẹn ni pé Àrá, nítorí bí ó ṣe máa ń gbá bọ́ọ̀lù tagbára-tagbára sínú ilé.

Ọjọ́ 27 oṣù Mẹ́ta ọdún 1927 ni wọ́n bí i. Nígbà tó ń dàgbà, bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń jẹun nínú rẹ̀ nílẹ̀ wa. Àwọn ilé-iṣẹ́ ló ń ní ẹgbẹ́: ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, rélùwéè, báǹkì, àwọn oníṣòwò Òyìnbó. Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, wọ́n á gbà á síṣẹ́, á máa ṣiṣẹ́ láàárọ̀, á máa gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Balógun ṣe ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn: Apapa Bombers, Marine, Railways, Pan Bank, Dynamos, Pioneers. Ó lọ sí Jos lókè ọ̀hún pàápàá, ó gbá bọ́ọ̀lù fún SCOA. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí SCOA, àbí? Ilé ìtajà àwọn Faransé tó wà ní Kútọnu nígbà ayé àwọn bàbá wa, òun náà ni.

Railways ni ẹ jẹ́ ká dúró lé díẹ̀. Àwa tí a ní gare níbí, tí a mọ bí ọkọ̀ ojú irin láti Kútọnu sí Parakou ṣe ń kó èrò àti ẹrù láyé ìgbà tó ń rìn dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí wa. Ibi tí ojú irin bá gbà, iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀, ọ̀dọ́ á pọ̀ níbẹ̀, bọ́ọ̀lù náà á sì tẹ̀ lé wọn. Lọ́dún 1945 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje Ife Gómìnà ní Nàìjíríà, tí wọ́n wá ń pè ní Challenge Cup lẹ́yìn náà. Àwọn Railways ti Èkó gba ife náà léraléra láàárín ọdún mélòó kan. Inú irú ẹgbẹ́ yẹn ni orúkọ Balógun ti hó.

Ó wá di ọdún 1949. Nàìjíríà ṣì wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣa agbábọ́ọ̀lù 18 jọ, Balógun wà nínú wọn, wọ́n ní kí wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù nílùú Ọba. Kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú o. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Apapa ló gbé wọn, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Liverpool ní ìparí oṣù Kẹjọ. Jack Finch, Òyìnbó kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Fulham, ló ń tọ́ wọn sọ́nà. Etim Henshaw láti Calabar ni balógun ẹgbẹ́ (ẹ má jẹ́ kí orúkọ oyè yìí dà yín lójú rú pẹ̀lú orúkọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀).

Ohun tó ya àwọn ará ibẹ̀ lẹ́nu ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí kò wọ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ni, wọ́n á kàn fi aṣọ wé ọrùn ẹsẹ̀. Ní Crosby, lẹ́bàá Liverpool, wọ́n na ẹgbẹ́ Marine ti ibẹ̀ ní ayò 5 sí 2 nínú ìdíje àkọ́kọ́. Àmọ́ òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò jọ tiwa. Nígbà tí koríko bá tutù, tí ilẹ̀ bá ń yọ̀, ẹsẹ̀ lásán ò lè di ilẹ̀ mú bíi bàtà tó ní ìṣó nídìí. Ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n jáde, wọ́n borí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀marùn-ún. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n sì na Sierra Leone ní 2 sí 0 lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹwàá. Ìyẹn ni wọ́n kà sí ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá bọ́ọ̀lù. Kí ẹ lè mọ bó ti pẹ́ tó: Dahomey tiwa ò jáde bẹ́ẹ̀ títí di oṣù Kọkànlá 1959, Nàìjíríà yìí náà ló sì nà wá ní 1 sí 0.

Ìrìn àjò yẹn ṣí ojú àwọn kan. Titus Okere, tó wà nínú ọkọ̀ kan náà, padà lọ sí Swindon ṣáájú. Lọ́dún 1955, Balógun náà gbéra. Ó lọ sí Peterborough United. Ẹgbẹ́ yẹn ò tíì wọ líìgì ńlá nígbà náà, síbẹ̀ Balógun ò ráyè nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ wọn. Ó kọjá sí Skegness, ìlú kékeré kan létí òkun. Oṣù Kẹsàn-án 1956 ni Queens Park Rangers ti Lọ́ńdọ̀nù mú un, ó sì di ọ̀kan lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdíje líìgì 13 ló gbá fún wọn, ó jẹ ayò 3. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, ṣé nítorí ìyẹn ni gbogbo ariwo yìí? Ẹ fara balẹ̀ ná. Láyé ìgbà yẹn, kò sí pé kí wọ́n fi ẹnì kan rọ́pò ẹnì kan láàárín ìdíje. Mọ́kànlá tó bá bẹ̀rẹ̀ náà ni yóò parí rẹ̀. Ẹni tí wọn ò bá mú lọ́jọ́ Sátidé, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó náà ńkọ́? Òfin wọn ni pé agbábọ́ọ̀lù tó lókìkí jù lọ pàápàá kò gbọdọ̀ gbà ju pọ́n-ùn 15 lọ lọ́sẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi ojú àwọn olówó gọbọi òde òní wo ẹni tó fi ilé sílẹ̀ lọ sínú òtútù nígbà yẹn. Lójú tiwa, ayò mẹ́ta yẹn wúwo.

Láti ibẹ̀ ó lọ sí Holbeach United, ó wá padà wálé. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dùn mọ́ wa jù. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ bá ti ń rọ̀, wọ́n á jókòó máa sọ ìtàn ohun tí wọ́n ti ṣe. Balógun kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, èyí tí àwa níbí ń pè ní entraîneur, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Wọ́n kà á sí adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ wo ìgbà tí à ń sọ: àwọn àjèjì ló pọ̀ jù lára àwọn tí Nàìjíríà ń mú wá láti kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Moshe Beth-Halevi wá láti Ísírẹ́lì, József Ember wá láti Họ́ngérì. Tí ọmọ ilẹ̀ bá wá dìde pé òun náà mọ̀ ọ́n, kò lè fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ìwé gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́.

Lọ́dún 1968, Nàìjíríà lọ síbi ìdíje Olympic ní Mẹ́síkò, Balógun sì wà lára àwọn tó kọ́ ẹgbẹ́ náà. Ogun abẹ́lé ń jà nílé lákòókò yẹn, ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1967, kò sì parí títí di 1970. Inú ogun ni wọ́n ti kó àwọn ọmọ jọ. Mẹ́síkò fúnra rẹ̀ tún ga. Àwa tí a ń gun àwọn òkè mọ́kànlélógójì wa yìí mọ bí èémí ṣe ń há ènìyàn láyà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù yẹn ju mítà 2,000 lọ sókè òkun, lórí ilẹ̀ títẹ́jú ni o!

Jàpáànù nà wọ́n ní 3 sí 1. Kamamoto nìkan ló jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Jàpáànù náà ló padà gba bàbà. Sípéènì nà wọ́n ní 3 sí 0. Wọ́n wá pàdé Brazil, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe bí ọkùnrin: 3 sí 3 ni wọ́n ta á. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ìlú tó ń jagun wá jẹ Brazil ní ayò mẹ́ta. Wọ́n padà sílé láìborí ẹnikẹ́ni, lóòótọ́, àmọ́ ìdíje yẹn ò kúrò lẹ́nu àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọjọ́ 30 oṣù Keje 1972 ni Balógun sùn tí kò jí mọ́. Ọmọ ọdún 45 péré ni. Ó dùn wá nígbà tí a ṣírò rẹ̀: kò ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù Kìíní 1973, tí Nàìjíríà fi gba wúrà bọ́ọ̀lù níbi ìdíje gbogbo Áfíríkà ní pápá ìṣeré ńlá tuntun ní Surulere, l'Ékòó. Guinea ni wọ́n nà ní 2 sí 0. Kò sí níbẹ̀ láti wò ó.

Ẹ̀gbẹ́ pápá yẹn gan-an ni ìjọba Èkó ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní 1984, tí wọ́n fi orúkọ Teslim Balogun sọ. Ọdún 23 ni wọ́n fi kọ́ ọ! Ìjọba kan á bẹ̀rẹ̀, òmíràn á pa á tì, títí ó fi parí ní 2007. Ó lè gba nǹkan bí ènìyàn 24,000. Lọ́dún 2009, àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 17 láti káàkiri àgbáyé gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá du ife àgbáyé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba Sèmè kọjá lọ sọ́jà l'Ékòó, tí ọ̀nà yín bá gba Surulere, ẹ sọ fún awakọ̀ kó fi hàn yín.