Edwin Link

Edwin Albert Link (tí wọ́n bí ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1904, tí ó sì di olóògbé ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981) jẹ́ awakọ̀ òfuurufú àti onímọ̀-ẹ̀rọ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ó ṣe Link Trainer, ẹ̀rọ tí a fi ń kọ́ ìwakọ̀ òfuurufú láìkúrò nílẹ̀. Àrọ́mọdọ́mọ ẹ̀rọ yìí ni eré kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń wa bàlúù nínú ilé lónìí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé

Ìlú Huntington ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti bí Link, ṣùgbọ́n Binghamton ní ìpínlẹ̀ New York ni bàbá rẹ̀ ti ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe dùùrù. Ọdún 1920 ni ó kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ òfuurufú. Ẹ̀kọ́ náà wọ́n, olùkọ́ kò sì jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ̀rọ ìkọ́ṣẹ́

Ní ọdún 1929, Link parí ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹwìrì inú dùùrù bàbá rẹ̀, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti alágbẹ̀dẹ, ni ó fi ń gbé àpótí ìjókòó náà sókè sódò. Àwọn ológun kò kọbi ara sí i, ọgbà ìṣeré ni ó ń rà á.

Lára ohun tí awakọ̀ òfuurufú gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú ni ohun tí wọ́n ń pè ní stall. Bí imú bàlúù bá ga jù, tí eré rẹ̀ sì dínkù, atẹ́gùn kò ní lè gbé apá rẹ̀ mọ́, yóò sì máa jábọ́. Kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì kú, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Ìgbà tí bàlúù ń gbéra tàbí tí ó fẹ́ balẹ̀ ni ó léwu jù, nítorí pé eré kò pọ̀, ilẹ̀ sì súnmọ́. Àtúnṣe rẹ̀ lòdì sí ohun tí ẹ̀rù yóò mú ènìyàn ṣe: dípò kí awakọ̀ fa imú bàlúù sókè, ṣe ni yóò tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kí eré lè padà, tí yóò sì fi kún agbára ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ó yá, Link Trainer lè gbọ̀n bí bàlúù ti ń gbọ̀n kí stall tó dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣìṣe níbẹ̀ yóò kàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun ni.

Ní ọdún 1934, ìjọba gbé iṣẹ́ kíkó lẹ́tà lójú òfuurufú fún àwọn ológun. Láàárín ọjọ́ 78, awakọ̀ 12 kú, nítorí wọn kò mọ bí a ṣe ń fi aago inú bàlúù nìkan wakọ̀ nígbà tí ojú kò ríran. Àwọn ọ̀gá ológun wá pe Link sí Newark. Lọ́jọ́ náà, kùrukùru bo ibẹ̀ bí ó ti máa ń bo orí òkè Ìdànrè láàárọ̀ ìgbà òjò, wọn kò sì retí rẹ̀ mọ́. Link gúnlẹ̀ láìséwu. Wọ́n ra ẹ̀rọ 6, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 3,500 dọ́là.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tí ó fi ẹ̀rọ yìí kọ́ṣẹ́ lé ní 500,000. Japan pàápàá ti rà á ṣáájú ogun.

Ìgbẹ̀yìn ayé

Link fẹ́ Marion Clayton ní ọdún 1931, wọ́n sì bí ọmọkùnrin méjì. Nígbà tí ó yá, ó yíjú sí ìwádìí abẹ́ òkun. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1973, ọkọ̀ abẹ́ omi tí ó lọ́wọ́ nínú ṣíṣe rẹ̀ há sára àwókù ọkọ̀ ojú omi nítòsí Key West. Ọmọ rẹ̀, Clayton, àti ẹnìkan mìíràn kú sínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Link ṣe ẹ̀rọ tí a lè fi yọ ọkọ̀ abẹ́ omi tí ó bá há. Binghamton ni ó kú sí.