Leo Frobenius: ará Jámánì tó kó àwòrán ara àpáta dé New York, tí kò sì gbà pé Ifẹ̀ ló ṣe orí Olókun

Tí ẹ bá wa mọ́tò láti Atlanta gba ọ̀nà àríwá fún bíi wákàtí méjì, tí ẹ dé ìtòsí ìlú Blairsville, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ń pè ní Track Rock Gap. Òkúta ńláńlá ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn Creek àti Cherokee, ti gbẹ́ àmì ẹsẹ̀ ẹyẹ, àmì ẹsẹ̀ ènìyàn àti àmì róbótó sí i lára láti ayébáyé. A lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi. Gbogbo wa la yọ fóònù, a ya fọ́tò títí, àmọ́ nígbà tí a délé, òkúta lásán la rí nínú rẹ̀. Ojú wa rí i, fóònù ò rí i.

Irú ìṣòro yìí ló sọ ọkùnrin kan di olókìkí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Leo Frobenius ni orúkọ rẹ̀. Bí òbí yín bá jẹ́ ọmọ Ifẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ orúkọ náà rí, kì í sì í ṣe fún ire. A fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ dé ìdí, nítorí ìlàjì rẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ fún wa.

Berlin ni wọ́n bí i sí ní June 29, 1873. Ọmọ ológun ni. Kò gba ìwé ẹ̀rí girama, kò sì ní oyè yunifásítì. Ìwé tó kọ láti fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n dá a padà fún un. Òun ló kọ́ ara rẹ̀ níwèé. Ní 1898, ó dá ilé àkójọ ìwé àti àwòrán nípa Áfíríkà sílẹ̀, ó pè é ní Afrika Archiv, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí! Ọdún 1904 ló tó débẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, Kóńgò ló lọ. Kó tó fi máa di 1935, ìrìnàjò ìwádìí rẹ̀ síbẹ̀ ti pé méjìlá.

Ìparí ọdún 1910 ló dé Ilé-Ifẹ̀, lásìkò Ọọ̀ni Adémilúyì Ajágun. Ó rí àwọn ère amọ̀ tó rẹwà gan-an. Ó sì rí orí idẹ kan tó dé adé, ní igbó Olókun. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́, ó san £6 pẹ̀lú ìgò ọtí wisikí kan, ó gbé orí náà. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Charles Partridge, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Ifẹ̀, ó gbọ́ ẹjọ́, ó sì ní kó dá orí Olókun àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn padà. Ó dá wọn padà. Ṣùgbọ́n àwọn orí amọ̀ kan bá a dé Berlin, wọ́n sì di ohun ìní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀. Àní lórí èyí tó dá padà pàápàá, àríyànjiyàn ò tán: ní 1949, àwọn onímọ̀ ní London yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ayédèrú ni, pé wọ́n fi èyí tòótọ́ ṣe àwòṣe rẹ̀ ni, nígbà tó di 2010, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn kan sì wá ń sọ pé ó lè jẹ́ ojúlówó.

Ohun tó dùn wá jù kì í ṣe orí idẹ. Ohun tó kọ ni. Ìwé rẹ̀ tó fi jíṣẹ́ ìrìnàjò náà jáde ní Jámánì ní 1912, èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, The Voice of Africa, sì jáde ní 1913. Ó ní àwọn tó ṣe irú ojú tó rẹwà báyẹn ò lè jẹ́ baba ńlá wa. Ó ní Atlantis, ilẹ̀ inú òkun tí àwọn Gíríìkì ń pa ìtàn rẹ̀, ni ọgbọ́n náà ti wá, pé Olókun wa ni Poseidon wọn. Ó fi kún un pé ìbànújẹ́ ló jẹ́ fún òun pé àwọn òpè ló jogún ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀. Àwọn òpè yẹn ni bàbá bàbá wa o.

Ọkùnrin yìí kan náà ló lọ sí àwọn òkè Atlas ní Algeria láàárín 1913 sí 1914, tó sì rí erin, ẹfọ̀n àti àgbò tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta ní ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì máa kọ̀wé níbẹ̀. Kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn, dúdú àti funfun nìkan ló mọ̀. Kì í gbé àwọ̀ pupa ilẹ̀ jáde, kì í sì í rí ibi tí ọ̀bẹ òkúta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Frobenius kò wulẹ̀ dúró de kámẹ́rà. Ó kó àwọn ayàwòrán dání, wọ́n jókòó síwájú àpáta, wọ́n wọn án, wọ́n sì fi ọ̀dà yà á sórí bébà àti aṣọ. Púpọ̀ nínú àdàkọ náà ló tóbi gẹ́lẹ́ bí èyí tó wà lára àpáta.

Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn ayàwòrán wọ̀nyí. Nígbà tó lọ sí gúúsù Áfíríkà láti 1928 sí 1930, Agnes Schulz, Maria Weyersberg àti Elisabeth Mannsdorff wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọkùnrin kan, Joachim Lutz. Nínú ihò àpáta ilẹ̀ tí à ń pè ní Zimbabwe lónìí, àwọn ni wọ́n gun àkàbà, tí wọ́n ń wo ìlà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fà á. Orúkọ Frobenius ló wà níwájú ìwé. Ó tẹ àwọn àwòrán náà jáde nínú ìwé ńláńlá: Hádschra Máktuba ní 1925, pẹ̀lú Hugo Obermaier (èdè Lárúbáwá ni, òkúta tí a kọ nǹkan sí lára ni ìtumọ̀ rẹ̀), Madsimu Dsangara ní 1931, àti Ekade Ektab, lórí àwọn àpáta Fezzan ní Líbíà, ní 1937. Ní 1933, àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ da àwòrán àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ kọ nínú aṣálẹ̀, inú ihò tí László Almásy rí. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo fíìmù The English Patient, ihò yẹn nìyẹn.

Ní April 28, 1937, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé MoMA ní New York pàtẹ 150 nínú àwọn àdàkọ náà. Alfred Barr, olùdarí ibẹ̀, gbé iṣẹ́ Paul Klee àti Joan Miró sínú àfihàn kan náà, kí àwọn ènìyàn lè fojú ara wọn rí ẹni tó ṣáájú. Lẹ́yìn náà, àwọn àwòrán yìí yí ìlú tó ju 30 lọ ká ní Amẹ́ríkà. Bí ó ṣe rí lójú tiwa rèé: ohun tí kò ṣeé gbé, ó ní kí wọ́n dà á kọ, ó sì fi í sílẹ̀ fún onílẹ̀. Ohun tó ṣeé gbé, ó gbé e. Ó ju 8,000 àdàkọ tó wà ní Frankfurt, ní ilé ìwádìí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, àwọn kan sì tún jáde síta nínú àfihàn kan ní Berlin ní 2016. Àwọn àpáta kan ti bàjẹ́ láti ìgbà náà. Àdàkọ yẹn nìkan ló kù. A ò lè sọ pé kò ṣe oore.

Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ìgbà rẹ̀ náà rí oore yẹn. Léopold Senghor àti Aimé Césaire, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Paris, ka ìwé rẹ̀, orí wọn sì wú pé òyìnbó kan gbà pé Áfíríkà ní ọ̀làjú tirẹ̀. W.E.B. Du Bois, tó kọ́ni níbí ní Atlanta University fún ọ̀pọ̀ ọdún, tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹja kí egungun má há ni lọ́rùn: nínú ìwé rẹ̀ The Negro ní 1915, ó lo ohun tí Frobenius rí ní Ifẹ̀, ó sì kọ̀ pé àjèjì ló ṣe é. Wọlé Ṣóyínká kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Nígbà tó ń gba ẹ̀bùn Nobel ní Stockholm ní 1986, ó dárúkọ Frobenius síta, ó sì ka èébú tó bú wa sí etí gbogbo ayé.

Ní January 1938, àwọn kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kò jìnnà sí ààfin. Ọkọ́ wọn kan nǹkan líle. Orí idẹ ni, wọ́n sì ju mẹ́wàá lọ. Ojú ènìyàn Ifẹ̀ ni gbogbo wọn, inú ilẹ̀ Ifẹ̀ ni wọ́n sì wà, kò sí Atlantis kankan níbẹ̀. Ní August 9 ọdún yẹn, Frobenius kú ní Biganzolo, lẹ́bàá adágún Maggiore ní Ítálì. Ẹni ọdún 65 ni.