Pa Antonio àti àwọn Àgùdà tí kò rí fádà

*Ìwé kíkà: Jòhánù 20:19-23*

 

Àwa tí à ń gbé Àjàó Estate kì í rìn jìnnà ká tó rí fádà tí yóò gbọ́ ìjẹ́wọ́ wa. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ò tíì débẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. A máa ń sọ pé a ti bá Ọlọ́run sọ ọ́ nínú yàrá, pé ó ti tán.

Ẹ jẹ́ ká rántí Pa Antonio láàárọ̀ yìí. Bàbá náà ti ṣe ẹrú rí ní Brazil. Nígbà tó dé Èkó, ó bá àwọn bíi tirẹ̀ pàdé, àwọn tó gba òmìnira ní Brazil àti Cuba tí wọ́n padà wálé. Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n tẹ̀dó sí. Wọ́n ti ṣe ìrìbọmi, wọ́n mọ àdúrà, ṣùgbọ́n kò sí àlùfáà láàárín wọn.

Pa Antonio kó wọn jọ. Ó ń darí àdúrà, ó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ, ó ń sin òkú. Àwọn èèyàn tilẹ̀ ń pè é ní Padre, bí ẹni pé fádà ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fádà. Kò ní àṣẹ láti gbọ́ ìjẹ́wọ́.

Ẹ rò ó wò ná. Àgùdà tó bá dẹ́ṣẹ̀ nígbà náà, ta ni yóò sá bá? Ọlọ́run nìkan ni. Ọlọ́run ò sì kọ̀ wọ́n. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Trent ti là á yé wa ní 1551 pé ẹni tó bá kábàámọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nítorí ìfẹ́ Ọlọ́run, tó sì pinnu láti jẹ́wọ́ nígbà tó bá rí àlùfáà, Ọlọ́run ń gbà á kó tó débẹ̀.

Ní 1863, Fádà Francesco Borghero wá láti Ouidah bẹ Èkó wò. Ní 1868, Fádà Pierre Bouche wá jókòó. Àwọn tó ti ń dá gbàdúrà lọ́dún gbọọrọ wá rí ẹni tó lè fi àṣẹ Kristi sọ fún wọn pé a ti dárí jì wọ́n.

Ìwọ tí ẹ̀rù ń bà pé o lè kú kí Sátidé tó dé, fọkàn balẹ̀. Kábàámọ̀ ní tòótọ́ lálẹ́ yìí, Ọlọ́run ń gbọ́. Ìwọ tó sì ní yàrá rẹ ti tó, rántí ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nínú yàrá, ìwọ lo ń rojọ́, ìwọ náà lo ń dá a. Ó rọrùn láti fo owó tó o kó jẹ, tàbí ọmọ ìyá tó ò bá sọ̀rọ̀ mọ́. Níwájú fádà, wàá fi ẹnu ara rẹ pè é lórúkọ, wàá sì mọ ohun tó yẹ kó o lọ tún ṣe.

Àdúrà yàrá ló ń múni dé ọ̀dọ̀ fádà. Má fi ọ̀kan lé èkejì lọ.

*Àdúrà:* Olúwa, fún wa ní ọkàn tó ń kábàámọ̀ àti ẹsẹ̀ tó ń yá láti lọ jẹ́wọ́. Nípasẹ̀ Kristi Olúwa wa. Àmín.